Ìrìn-àjò Ìmọ̀ láti Ìrẹ̀lẹ̀ dé Etí Òkun

Bí olùkọ́ ìtàn bá fẹ́ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rin ìrìn-àjò ìmọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ibi tí ọkàn rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ kò pọ̀. Yóò ronú kan Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Yóò ronú kan Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, èyí tí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005. Yóò ronú kan àwọn òkè Ìdànrè, yóò sì ronú kan Àgbádárìgì. Ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń ti Èkó lọ sí Bìní, tí ó sì dé Ọ̀rẹ̀, kì í sábà yà sí apá gúúsù. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé láti Òkìtìpupa àti Ìrẹ̀lẹ̀ títí dé etí òkun, kò sí ohun tí ojú fẹ́ wò bí kò ṣe igi ọ̀pẹ, irà àti omi. Kò sí ilé olókùúta àwọn òyìnbó àtijọ́ níbẹ̀, kò sì sí odi ìlú gìrìwò tí ènìyàn lè gùn kí ó fi ya fọ́tò.

Èrò yìí kò ṣàìní ìdí, nítorí pé ohun tí ojú rí ni ó máa ń tètè yé ọmọ. Ṣùgbọ́n ó mú ìbéèrè kan wá tí ó ju ti Ìrẹ̀lẹ̀ nìkan lọ: kí ni ó ń sọ ibì kan di ibi ìtàn? Ṣé ilé àti ère ni, tàbí ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ó mọ ibẹ̀ ń sọ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n? Bí a bá wo ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti ilẹ̀ Ìlàjẹ láwòfín, a ó rí i pé ìtàn kún ibẹ̀ bámúbámú, ṣùgbọ́n ìtàn náà kò sí lára ògiri. Ó wà nínú orúkọ, nínú èdè, nínú orin, nínú májẹ̀mú àti nínú omi tí ó so ìlú pọ̀ mọ́ ìlú. Nítorí náà, ìrìn-àjò ìmọ̀ ní agbègbè yìí kò lè dára ju afinimọ̀nà lọ. Bí afinimọ̀nà bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, omi àti irà yóò sọ̀rọ̀; bí kò bá mọ̀ ọ́n, tàbí tí ó bá fẹ́ràn ìtàn kan ṣoṣo ju òtítọ́ lọ, ìrìn-àjò náà yóò ba orúkọ ìlú jẹ́ ju kí ó tún un ṣe lọ.

Ẹ̀kọ́ láti Àgbádárìgì àti Wídà

Ó dára kí á kọ́kọ́ wo ibi tí irú ìrìn-àjò yìí ti fìdí múlẹ̀. Ní Àgbádárìgì, ohun tí afinimọ̀nà lè nàka sí pọ̀. Ó lè mú àwọn èrò dúró níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí ní ọdún 1845. Ó lè fi ibi tí igi Àgíà wà hàn wọ́n, níbi tí a ti wàásù ìgbàgbọ́ Kristi ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842. Igi náà wó ní ọdún 1959, ṣùgbọ́n wọ́n fi ohun ìrántí sí ojú ibẹ̀. Ó lè mú wọn wọ inú àwọn yàrá tóóró tí wọ́n ń kó ẹrú sí ní àgbàlá Ṣéríkí Abass. Lẹ́yìn náà, wọn yóò wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Gbẹ̀rẹ̀fú, wọn yóò sì fi ẹsẹ̀ rìn dé etí òkun níbi tí àwọn ẹrú ti wo ilẹ̀ wọn kẹ́yìn.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní Wídà, ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin. Láti inú ìlú títí dé etí òkun, ọ̀nà tí àwọn ẹrú rìn tó nǹkan bíi kìlómítà 4. Àwọn ayàwòrán àti agbẹ́gilére ilẹ̀ náà ti gbé ère sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yìí, ẹnu-ọ̀nà ńlá kan tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1995 sì dúró létí omi ní ìrántí àwọn tí kò padà. Ìtàn, ojú ilẹ̀ àti iṣẹ́ ọnà pàdé níbẹ̀, ẹni tí ó bá rìn ín kì í gbàgbé.

Síbẹ̀, ní àwọn ibi wọ̀nyí pàápàá, ilé kò lè dá sọ ìtàn rẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ kí á mú àgbàlá Ṣéríkí Abass ṣe àpẹẹrẹ. Bí afinimọ̀nà bá sọ pé òyìnbó kó ènìyàn sínú yàrá wọ̀nyí, tí ó sì dákẹ́ síbẹ̀, ìdajì ọ̀rọ̀ ni ó sọ. Ọmọ ilẹ̀ Yorùbá ni Abass. A kó o lẹ́rú nígbà tí ó wà lọ́mọdé, a mú un dé Brazil, ó padà wálé, òun náà sì di oníṣòwò ẹrú kí ó tó di olóyè ńlá. Ọdún 1919 ni ó kú. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìdajì àkọ́kọ́ yóò bínú sí àjèjì. Ẹni tí ó bá gbọ́ odindi yóò ronú nípa ohun tí òwò burúkú lè sọ ọmọ ènìyàn dà. Ògiri kan náà ni, yàrá kan náà ni. Ọ̀rọ̀ afinimọ̀nà ni ó yàtọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá lágbára tó báyìí níbi tí ilé wà, mélòó mélòó níbi tí kò ti sí ilé rárá?

Ìtàn mélòó ni ìlú kan lè ní?

Ìrẹ̀lẹ̀ ni ó yẹ kí ìrìn-àjò etí òkun yìí ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìlú náà wà níbi tí ilẹ̀ líle ti ń bọ́ sí ilẹ̀ olómi. Iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ẹja pípa ni ó pàdé níbẹ̀. Olófun ni oyè ọba ìlú náà, Ìrẹ̀lẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ìlú Ìkálẹ̀, pẹ̀lú Ìkòyà tí Abòdì ń jẹ ọba lé lórí, Ìdèpé-Òkìtìpupa tí ó jẹ́ ti Jégun, Àkótógbò tí ó jẹ́ ti Lárógbò, Àjàgbà tí ó jẹ́ ti Ahába, àti àwọn mìíràn.

Bí ènìyàn bá béèrè ibi tí àwọn ará Ìrẹ̀lẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, kì í ṣe ìdáhùn kan ni yóò gbọ́. Nínú ìtàn àtẹnudẹ́nu ìlú náà, a máa ń dárúkọ Gbógunrọ̀n, jagunjagun tí wọ́n sọ pé ó ti ilẹ̀ Ùgbò létí òkun wá. A sì tún máa ń gbọ́ nípa ọmọ ọba tí ó ti Bìní wá, tí a fi ìdí oyè Olófun tì sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìtàn Bìní yìí kò mọ sí Ìrẹ̀lẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọba Ìkálẹ̀, tí Abòdì wà lára wọn, ni ìtàn wọn nàka sí ààfin Bìní.

Afinimọ̀nà tí kò kọ́ṣẹ́ yóò mú ọ̀kan nínú méjèèjì, yóò sì sọ ìkejì di irọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ìtàn yóò béèrè bóyá àwọn méjèèjì kò lè jẹ́ òtítọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlú kì í sábà jẹ́ ọmọ bàbá kan. Àwọn kan lè ti ibi omi gòkè wá, kí àwọn mìíràn ti ìhà ìlà-oòrùn mú oyè wá bá wọn, kí wọ́n sì di ará kan náà lẹ́yìn ìran púpọ̀. Ọ̀nà omi tí ó lọ lẹ́yìn òkun láti odò Bìní títí dé ọ̀sà Èkó ti wà kí ọ̀nà ọ̀dà tó dé. Ojú ọ̀nà omi yìí ni agbára Bìní gbà dé Èkó. Àwọn ìlú tí ó wà ní ẹ̀bá rẹ̀ kò lè ṣe aláìrí nínú oyè, aṣọ àti ìwà ààfin Bìní.

Bí a bá sọ̀kalẹ̀ dé ilẹ̀ Ìlàjẹ, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni ó mọ ìtàn Mọ́remí. Ní Ilé-Ifẹ̀, a máa ń sọ pé àwọn ará Ùgbò ń wọ imọ̀ àti ìkó wá dẹ́rù ba Ifẹ̀, wọ́n ń kó wọn lẹ́rú, títí Mọ́remí fi fi ara rẹ̀ jìn kí ó lè mọ àṣírí wọn. Ọdún Ẹdì ń ṣe ìrántí rẹ̀, ère gàgàrà tí wọ́n sì gbé kalẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 2016 tún sọ ọ́ di ohun tí àlejò ń wò. Ṣùgbọ́n ní Ùgbò, ní agbègbè tí Olúgbò ti ń jọba, ohun tí wọn yóò sọ fún àlejò ni pé àwọn ni onílẹ̀ Ifẹ̀ kí àwọn tí ó dé lẹ́yìn tó gba ilẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, pé ẹni tí ó ń jà fún ilé rẹ̀ kì í ṣe olè. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ ti Ifẹ̀ nìkan ti gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni àwọn baba wa pè é. Àǹfààní kan tí ó wà nínú kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ Ùgbò ni pé yóò gbọ́ ẹjọ́ kejì láti ẹnu ẹni tí ó ni ín.

Èdè gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí

Níbi tí ìtàn àtẹnudẹ́nu bá ti ń ta ko ara wọn, ẹlẹ́rìí kan wà tí kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Èdè ni ẹlẹ́rìí náà. Láti ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní ọjà Ìrẹ̀lẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹ̀rí rẹ̀, bí etí wọn bá là sí i.

Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, kò sí ọ̀rọ̀ tí ó fi ìró u bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ìwà di ùwà, iṣẹ́ di uṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará Oǹdó àti Èkìtì pẹ̀lú. Níbi tí ará Ọ̀yọ́ ti ń pe owó àti ọwọ́, a ó gbọ́ oghó àti ọghọ́ lẹ́nu ará Ìkálẹ̀, ìró gh yìí sì wà ní Oǹdó àti Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú. Abíọ́dún Adétugbọ̀, nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ti ọdún 1967 lórí àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá, pín wọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta gbòógì, ó sì fi èdè Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ sí ìsọ̀rí gúúsù-ìlà-oòrùn, pẹ̀lú Oǹdó, Ọ̀wọ̀ àti Ìjẹ̀bú. Ọ̀kan nínú àmì ìsọ̀rí yìí ni pé ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ fún “ẹ̀yin” àti “àwọn” kì í sábà yàtọ̀ síra. Àyíká ọ̀rọ̀ ni ó máa ń fi hàn ẹni tí a ń bá wí.

Kí ni èyí ń sọ fún onítàn? Ó ń sọ fún un pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oyè àwọn ọba Ìkálẹ̀ nàka sí Bìní, Yorùbá pọ́ńbélé ni èdè tí àwọn ènìyàn ń sọ, ó sì jẹ́ Yorùbá tí ó ti pẹ́ ní agbègbè náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ní àmì tirẹ̀. Bí gbogbo ìlú bá ti Bìní wá ní àkókò kan náà, èdè Bìní ni à bá máa gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ àti apẹja. Nítorí náà, ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọba lè yàtọ̀ sí ìpilẹ̀ṣẹ̀ ará ìlú. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ń rò pé ìtàn ọba nìkan ni ìtàn ìlú.

Orin, ijó àti agọ̀

Iṣẹ́ ọnà agbègbè yìí náà kò sí nínú ilé ìkó-ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí. Ara ènìyàn ni ó wà. Obìtun jẹ́ ètò tí a fi ń mú wúndíá wọ ipò àgbà, pẹ̀lú orin, ijó, ọ̀ṣọ́ àti ẹ̀kọ́ ìwà. Àwọn orin rẹ̀ kì í ṣe orin ìgbádùn lásán. Ìkìlọ̀, èébú àti ìyìn ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọbìnrin bí a ti ń gbé láàrín ènìyàn. Bíripo jẹ́ ijó tí Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ jọ ń jó. Ti asíkò kò tilẹ̀ mọ sí agbègbè mọ́, nítorí pé Comfort Omoge àti ẹgbẹ́ asíkò Ìkálẹ̀ rẹ̀ ti gbé e jáde nínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ ará Èkó àti Ìbàdàn tí kò tẹ ilẹ̀ Òkìtìpupa rí ni ó kọ́kọ́ gbọ́ ìró èdè Ìkálẹ̀ láti ẹnu obìnrin yìí. Nínú àwọn ohun tí a ń fi ọwọ́ ṣe, ẹní tí àwọn obìnrin Ìlàjẹ ń hun kò ní àfiwé, ó sì máa ń kún ọjà Igbókọ̀dá níbi tí ọ̀nà ilẹ̀ ti parí tí ọ̀nà omi sì bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ ọnà yìí pẹ̀lú ń jẹ́rìí sí ìrìn àwọn ènìyàn lórí omi. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, eégún omi kan wà tí wọ́n ń pè ní Àgbó, tí wọ́n sì tún ń pè ní Ekine. Ekine náà sì ni orúkọ ẹgbẹ́ eégún omi láàrín àwọn Ìjọ̀ Kalabari ní ìhà ìlà-oòrùn jíjìnnà. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà ti fi hàn pé agọ̀ igi tí a ń gbé dùbúlẹ̀ lórí nínú eré yìí bá ti àwọn Ìjọ̀ mu. Orúkọ àti agọ̀ kò fò lójú ọ̀run. Ẹnu omi Ìlàjẹ àti ti Ìkálẹ̀ ni wọ́n gbà kọjá. Bí afinimọ̀nà bá sọ èyí létí ọ̀sà, omi tí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ó pín ènìyàn níyà yóò di ohun tí ó so wọ́n pọ̀.

Lórí omi

Láti Igbókọ̀dá, ọkọ̀ ojú omi ni yóò gbé àwọn èrò. Níhìn-ín ni ó yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ìtàn Àyẹ̀lálà. Wọ́n sọ pé ọkùnrin Ìlàjẹ kan gba aya aláya, ó sì sá lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn Ìjọ̀. Ọ̀rọ̀ náà di ìjà láàrín ẹ̀yà méjèèjì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ parí rẹ̀, wọ́n mú ẹrúbìnrin kan láti fi ṣe ètùtù májẹ̀mú. Kí ó tó kú, ó kígbe pé “Àyẹ̀lálà”, ọ̀rọ̀ ìyanu àti ìbẹ̀rù nípa ayé. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ di òrìṣà tí ń ṣọ́ májẹ̀mú, tí ń fìyà jẹ olè, oṣó àti ọ̀dàlẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ti kọ nípa rẹ̀ láti àwọn ọdún 1960, ìbọ rẹ̀ sì ti tàn dé Bìní.

Ìtàn yìí kì í ṣe ìtàn ẹ̀sìn nìkan. Ìwé àdéhùn láàrín ìlú méjì ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò fi tádàwà kọ ọ́. Ó tún jẹ́ ìtàn obìnrin tí kò ṣẹ̀, tí a fi ẹ̀mí rẹ̀ san gbèsè ẹlòmíràn. Afinimọ̀nà kò gbọdọ̀ fo apá kejì yìí nítorí kí ìtàn lè dùn. Bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ní ọdún 1998, ìjà ńlá tún bẹ́ sílẹ̀ láàrín Ìlàjẹ àti àwọn Ìjọ̀ Arógbò lórí ilẹ̀ àti omi tí epo rọ̀bì wà. Ẹ̀mí ṣòfò, abúlé jóná. Ọ̀rọ̀ “ta ni ó kọ́kọ́ dé?” kì í ṣe eré níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹnu wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pín omi fún ẹ̀yà kan níwájú àlejò ń ko iná sórí òrùlé.

Ní Màhín, ohun mìíràn wà tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́. Ní àwọn ọdún 1870, ìjọba Èkó ti ń wá ọ̀nà tí ó gba ìhà ìlà-oòrùn lọ sí Oǹdó, kí òwò lè wọ inú ilẹ̀ láìkọjá lọ́dọ̀ Ìjẹ̀bú. Àwọn oníṣòwò Jámánì rí àǹfààní kan náà, wọ́n sì fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ owó orí ọjà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gbà ní Èkó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1885, ilé iṣẹ́ Gaiser tí ó wá láti Hamburg bá Amàpetù ti Màhín ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀ etí òkun. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, Gustav Nachtigal, ẹni tí ó gbé àsíá Jámánì dúró ní Togo àti Kamẹrúùnù ní 1884, fi ọwọ́ sí ìwé ààbò lórí Màhín. Kí ọdún náà tó parí, Jámánì ti yọwọ́, wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Fún oṣù díẹ̀ péré, apá kan ilẹ̀ Yorùbá wà lábẹ́ Jámánì. Kò sí ilé ìjọba Jámánì tí a lè fi hàn ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró létí òkun yẹn tí a sì sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un yóò mọ̀ pé àwọn àlàfo tí ó wà lórí àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà lónìí kì í ṣe ohun tí Ọlọ́run fi ìlà fà. Ó sì yẹ kí wọ́n bi í léèrè pé: kí ni Amàpetù rò pé òun ń fún àwọn àlejò náà?

Ayétòrò ni ó kẹ́yìn. Ọdún 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ kan láti inú àwọn Ìlàjẹ, tí àwọn ará ìlú wọn ń ṣe inúnibíni sí, tẹ ìlú náà dó sórí ẹrọ̀fọ̀ létí òkun. Àpò kan ni wọ́n ń ná, oko òwò kan ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n hun aṣọ, wọ́n rán bàtà, wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi, iná mànàmáná sì tàn nílùú wọn ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kò tíì ní i. Àwọn àlejò láti òkè òkun wá wò wọ́n bí ohun ìyanu. Nígbà tí ó yá, àjùmọ̀ní náà tú díẹ̀díẹ̀. Èyí tí ó wá burú jù ni pé òkun ń jẹ ìlú náà. Ó ti gbé ilé, ilé ẹ̀kọ́ àti itẹ́ òkú lọ. Ìpè àwọn ará ìlú pé kí a dá òkun dúró kò sì tíì mú iṣẹ́ tí ó tó bẹ́ẹ̀ wá. Àwọn ibi tí àwọn baba wọn fi ń yangàn ti wà nísàlẹ̀ omi. Ohun tí afinimọ̀nà lè ṣe níbẹ̀ ni kí ó na ọwọ́ sójú agbami, kí ó sì sọ pé: “Ibẹ̀ yẹn ni ilé wà.”

Ọ̀ràn Ìrẹ̀lẹ̀ ní ọdún 2015

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì pé ọ̀rọ̀ tí a ń sọ nípa ìlú lè ṣe ìlú náà ní jàǹbá, kí ó rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìrẹ̀lẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2015. Láàrín ọjọ́ díẹ̀, àìsàn kan dé tí ó ń fọ́ ènìyàn lórí, tí ó ń sọ ojú di bàìbàì, tí ó sì ń mú kí wọ́n dákú. Ènìyàn tí ó lé ní 15 ni ó kú. Ìròyìn tí ó kọ́kọ́ tàn káàkiri ayé ni pé òrìṣà Málòkun ni ó bínú, nítorí pé àwọn kan fọ́ ojúbọ rẹ̀. Orúkọ Ìrẹ̀lẹ̀, tí ọ̀pọ̀ kò gbọ́ rí, di orúkọ ìlú tí òrìṣà ti ń pa ènìyàn.

Àyẹ̀wò àwọn oníṣègùn fi ohun mìíràn hàn. Methanol, májèlé tí ó máa ń wọ inú ọtí tí a kò pọn dáadáa tàbí tí a fi àbùlà burúkú sí, ni ó pa wọ́n láti inú ògógóró tí wọ́n mu. Ní ọdún kan náà, irú ọtí bẹ́ẹ̀ pa ènìyàn púpọ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers, níbi tí kò sí ẹni tí ó dárúkọ Málòkun. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò ní ẹsẹ̀ bíi ti àhesọ. Títí di òní, àwọn kan mọ àhesọ náà tí wọn kò mọ àbájáde àyẹ̀wò.

Kí ni afinimọ̀nà yóò wí bí àlejò bá béèrè? Kò yẹ kí ó fi òrìṣà ìlú ṣe yẹ̀yẹ́. Málòkun, tí orúkọ rẹ̀ gbé òkun dání, jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó so Ìrẹ̀lẹ̀ mọ́ àwọn ará omi, ọdún rẹ̀ sì jẹ́ apá kan pàtàkì nínú ìtàn ìlú náà. Kò sì yẹ kí ó ta ìbẹ̀rù fún àlejò kí owó lè wọlé. Ohun tí ó tọ́ ni kí ó sọ ohun tí àwọn ènìyàn gbà gbọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n gbà gbọ́, kí ó sì sọ ohun tí àyẹ̀wò fi hàn gẹ́gẹ́ bí ohun tí àyẹ̀wò fi hàn. Àwọn tí ó kú ní ẹbí. Bí a bá fi ikú wọn sí ọrùn òrìṣà, a ti sọ wọ́n di arúfin lẹ́yìn ikú, a sì ti fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ọtí burúkú láti tún pa ẹlòmíràn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n ó dára kí òtítọ́ má pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà.

Bí ó ṣe yẹ kí á ṣe é

Iṣẹ́ olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ orúkọ ìlú, orúkọ oyè ọba àti ipò tí ìlú kọ̀ọ̀kan wà lórí àwòrán ilẹ̀. Ó yẹ kí a ti ránṣẹ́ sí ààfin Olófun àti sí àwọn olórí ìlú tí ó kù, nítorí pé ẹni tí ó bá wọlé láìkágò kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé. Ibi tí wọ́n bá ní kí àlejò má wọ̀, kí àlejò má wọ̀ ọ́. Lórí omi, kí gbogbo èrò wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Ìmọ̀ kò tó ẹ̀mí.

Ìlú kọ̀ọ̀kan ni kí ó sọ ìtàn tirẹ̀ ní ilẹ̀ tirẹ̀. Kí ará Ìrẹ̀lẹ̀ sọ ti Ìrẹ̀lẹ̀, kí ará Ùgbò sọ ti Ùgbò, kí ará Arógbò sì sọ ti àwọn Ìjọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ti sọ ọ́, ní ẹ̀ka èdè tí wọ́n fi sọ ọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ. Kí wọ́n má ṣe tún oghó kọ sí owó nínú ìwé wọn, nítorí pé ìró tí wọ́n bá pa rẹ́ ni ẹ̀rí tí wọ́n bà jẹ́. Nígbà tí wọ́n bá padà dé iyàrá ẹ̀kọ́ ni kí wọ́n tò ìtàn wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí wọ́n béèrè ibi tí wọ́n ti ṣọ̀kan, ibi tí wọ́n ti yàtọ̀, àti ẹni tí ìyàtọ̀ náà ń ṣe láǹfààní.

Ó sì yẹ kí àwọn ọmọ agbègbè náà gan-an di afinimọ̀nà. Ilé ẹ̀kọ́ gíga wà ní Òkìtìpupa, yunifásítì tí ó ń jẹ́ orúkọ Olúṣẹ́gun Agagu, ọmọ Ìkálẹ̀ tí ó ti ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Kò sí ìdí tí àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ agbègbè náà kò fi lè pa ọwọ́ pọ̀ mọ́ àwọn àgbààgbà láti kọ́ ọ̀dọ́ méjì mẹ́ta ní ìlú kọ̀ọ̀kan bí a ti ń sọ ìtàn láìfi kún un, láìyọ kúrò nínú rẹ̀. Èyí kò gba owó ńlá bíi ti ilé tàbí ère. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ìyára. Àwọn tí ó mọ orin Obìtun dé ìparí ń darúgbó, àwọn tí ó bá wọn tẹ Ayétòrò dó kò kù púpọ̀ mọ́, òkun kò sì dúró de ẹnikẹ́ni kí ó tó jẹ ilẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá yà sí apá gúúsù ní Ọ̀rẹ̀ ní ìsinmi tí ń bọ̀ yóò ṣì bá ènìyàn nílé láti bi léèrè.